Bí Fíìmù Adẹ́rùbani Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Àwọn Tí Mo Fẹ́ràn Jù Nínú Wọn

Ohùn, òkùnkùn, ìdúró àti ilé: nǹkan mẹ́rin yìí ni fíìmù adẹ́rùbani tó dáńtọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ìdí tí fíìmù olówó gọbọi fi lè parí láìká ẹnikẹ́ni láyà, tí èyí tí wọ́n fi owó péréte ṣe á sì máa lé èèyàn kiri lójú oorun. Nínú gbogbo irú fíìmù tó wà, èyí ni mo fẹ́ràn jù, láti kékeré ni mo sì ti ń wò ó. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí nǹkan mẹ́rin náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n sì fi àwọn fíìmù tí mo kà sí ọ̀gá ṣe àpẹẹrẹ, ti Yorùbá, ti Benin wa níhìn-ín, àti ti ilẹ̀ òkèèrè.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tí Tchaourou, ìlú wa, wà ná, kí ẹ lè mọ bí fíìmù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹkùn Borgou ló wà, lójú ọ̀nà ọ̀dà àti ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Paraku. Nàìjíríà ló bá a pààlà ní ìlà-oòrùn. Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde ní Nàìjíríà, ó bá ọjà yòókù wọ Benin. Sídíì tẹ̀lé e. Lónìí, inú fóònù ni fíìmù ń gbé. Yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n kan, bẹ́ǹṣì mélòó kan, aṣọ tí wọ́n ta bo fèrèsé, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń kùn lẹ́yìn ilé: sinimá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nìyẹn.

Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti lè rí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kọ́. Ọmọ Nàgó gbọ́ Yorùbá inú fíìmù náà ketekete. Ọmọ Bàrìbá tó jókòó tì í lè máà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ta gìrì. Ẹ̀rù náà kò dúró de ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé.

Ohùn: etí ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rù

Ojú ní ìpéǹpéjú, etí kò ní. Ẹni tí ẹ̀rù bà lè di ojú, ṣùgbọ́n ohùn á ṣì wọlé tọ̀ ọ́. Bí ariwo líle bá dún lójijì, ara á ta gìrì kí ọpọlọ tó béèrè pé kí ló dé. Bí a ṣe dá gbogbo èèyàn nìyẹn, títí kan ìkókó. Oníṣẹ́ fíìmù mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Yóò yọ orin kúrò, yóò yọ ariwo òde kúrò, yóò wá fi ìró ẹsẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló ń mú kí olùwòran sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, kó máa dẹtí. Ìgbà tó bá dẹtí tán ni ariwo á bú.

Alfred Hitchcock ṣe Psycho ní 1960. Wọ́n pa obìnrin kan nínú rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń lọ tó ń bọ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 ni wọ́n fi yà á. Hitchcock kò fẹ́ orin kankan níbẹ̀. Bernard Herrmann, ẹni tó ń ṣe orin fíìmù náà, ṣe é síbẹ̀, gòjé òyìnbó àti àwọn ohun èlò olókùn bíi tirẹ̀ nìkan ló lò, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa han gooro. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ọkàn padà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rù náà dín kù gan-an.

John Carpenter ṣe Halloween ní 1978, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe orin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí à ń jó ló pín sí mẹ́rin mẹ́rin. Èyí pín sí márùn-ún, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ kò rí ibi balẹ̀ sí. Ìlù ni Carpenter ti mọ ìpín márùn-ún yìí: bàbá rẹ̀ ló fi ìlù bóńgò kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ohun tí ìlù lè ṣe sí ara èèyàn, àwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa níhìn-ín.

Ní ti Yorùbá, ọfọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí mo fẹ́ràn jù ni Ayé!, tó jáde ní 1979. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Hubert Ògúndé ló ni ín, òun náà ló sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ fà á. Jáyésinmi ló tẹ̀lé e. Ẹ fetí sí bí ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú irú fíìmù yìí. Ó máa ń to ọ̀rọ̀ léra: ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ni, òmíràn lé e, ìkẹta lé e, lẹ́yìn náà àṣẹ tí kò ṣeé já ní koro. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti jáde, olùwòran tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò sì lè dá a dúró. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ń gbọ́ ohùn tó ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ tó ń padà wá, èémí tí kò já. Àwọn òṣèré bíi Fádèyí Olóro àti Abíjà di ìlú mọ̀ọ́ká nípasẹ̀ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ti lanu, àwa tí à ń wò ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

Òkùnkùn: ohun tí a kò rí

Ní 1975, Steven Spielberg ṣe Jaws, fíìmù nípa ẹja àkurákudà tó ń pa àwọn tó ń wẹ̀ létí òkun. Wọ́n ti kan ẹja ẹlẹ́rọ fún un, ṣùgbọ́n omi òkun bà á jẹ́, ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ni Spielberg bá fi omi lásán, àgbá tó léfòó àti orin John Williams rọ́pò ẹja. Ìró méjì péré ló bẹ̀rẹ̀ orin náà, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń yára sí i. Fíìmù náà ti lé ní wákàtí kan kí a tó rí ẹja yẹn dáadáa. Ká ní ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ni, bóyá à bá ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù ì bá sì ti tán lójú wa kí fíìmù tó dé ìdajì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí a bá rí ti ní ìwọ̀n: a mọ bó ṣe ga tó, a mọ iye ẹsẹ̀ tó ní, a sì lè máa gbèrò bí a ó ṣe sá fún un. Ohun tí a kò rí, ọkàn oníkálukú ló ń yà á, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ba ọkàn kan lẹ́rù ju ọkàn náà fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn baba ńlá wa ti mọ èyí kí sinimá tó dé. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe Orò, ohùn Orò ni àwọn tí kò gbọdọ̀ rí i ń gbọ́ láti inú ilé, ní òru, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì. Kò sí ohun tí wọ́n rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó jẹ́ jáde. Egúngún ń gbé ara rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ aṣọ láti orí dé ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Oníṣẹ́ fíìmù Yorùbá tó gbọ́n kò ní láti wá ọ̀nà tí a ń gbà fi nǹkan pa mọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó wà nílé.

Idán inú kámẹ́rà

Idán kámẹ́rà kò sí lára nǹkan mẹ́rin náà, ṣùgbọ́n ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Òyìnbó Faransé kan, Georges Méliès, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ṣe fíìmù adẹ́rùbani àkọ́kọ́, Le Manoir du diable, ní 1896. Kò ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Àdán kan fò wọlé nínú rẹ̀, ó sì di èṣù. Méliès fúnra rẹ̀ sọ bí òun ṣe rí ọgbọ́n náà: òun ń ya fíìmù ní ìgboro Paris, kámẹ́rà há fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun wò ó, ọkọ̀ èrò ti di ọkọ̀ tó ń gbé òkú.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń sọ babaláwo di adìẹ nínú àwọn fíìmù Yorùbá tí a wò lọ́mọdé. Ẹ lè fi fóònù ṣe é lónìí. Ẹ gbé fóònù ka orí ohun tí kò ní mì. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dúró láàárín àgbàlá, kó pe ọfọ̀ rẹ̀, kó sì na ọwọ́. Ẹ dá yíyà dúró. Kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó wà níwájú kámẹ́rà má ṣe mira. Ọkùnrin yẹn á kúrò, ẹ ó gbé adìẹ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Nígbà tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ọkùnrin ti di adìẹ. Ohun tó sábà máa ń tú àṣírí ni òjìji: bí oòrùn bá ti sún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ padà, òjìji ilé àti ti igi á fò lójú olùwòran. Nítorí náà, ẹ má fi àkókò ṣòfò láàárín méjèèjì.

Ẹni tó ń fò láti ilẹ̀ gun orí igi, òdìkejì ni wọ́n yà á: ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí igi, wọ́n sì yí fíìmù náà padà sẹ́yìn. Òkú tí a ń rí ohun ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú ara rẹ̀, àwòrán méjì ni wọ́n gbé lé ara wọn. Mímọ̀ tí mo mọ gbogbo èyí kò dín ẹ̀rù mi kù. Ó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó ṣe é.

Ìdúró: kí olùwòran mọ̀ kí ẹni inú fíìmù tó mọ̀

Hitchcock ṣàlàyé èyí fún François Truffaut, akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ará Faransé. Ó ní ká sọ pé èèyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, bọ́ǹbù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀ sì bú lábẹ́ tábìlì náà. Olùwòran ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n bí olùwòran bá ti rí ẹni tó gbé bọ́ǹbù síbẹ̀, tó sì mọ aago tí yóò bú, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, á di ìrora. Olùwòran á fẹ́ pariwo pé kí wọ́n dìde.

Nínú Thunderbolt: Màgùn, tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001, bọ́ǹbù yẹn ni màgùn, oògùn tí wọ́n ń fi sí obìnrin lára láti fi pa ọkùnrin tó bá bá a sùn. Ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí ni. Ngozi jẹ́ ọmọ Íbò, ó fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá. Ìfura wọ àárín wọn, wọ́n sì fi màgùn sí obìnrin náà lára láìjẹ́ kó mọ̀. Àwa tí à ń wò ti mọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan tí kò lẹ́rù nínú tẹ́lẹ̀, bíi kí ọkùnrin wọlé, kí ó kí i, kí ó jókòó, ti di ohun tí à ń wò pẹ̀lú ọwọ́ lórí àyà. Kèlání kò sáré. Ó jẹ́ kí ọjọ́ máa gorí ọjọ́. Ìgbà mélòó ni mo ti gbọ́ tí àwọn obìnrin inú yàrá fíìmù ń bá Ngozi sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé kó kúrò níbẹ̀! Fíìmù tó bá mú olùwòran débi pé ó ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ ti yege.

Ilé: ibi tí ọ̀tá ń gbé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Bí mo bá to àwọn fíìmù tó bà mí lẹ́rù jù síwájú, òwe yìí ló so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Ẹranko inú igbó kò bani lẹ́rù tó ọkọ ẹni, ìyàwó ẹni, tàbí ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jẹun, nítorí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ẹranko kò lè dènà ẹni tó ti wà nínú ilé.

Living in Bondage jáde ní 1992, Íbò ni wọ́n fi sọ ọ́. Kenneth Nnebue tó gbé e jáde ti kọ́kọ́ fi owó sí fíìmù Yorùbá, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Nínú Living in Bondage, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andy fẹ́ lówó kíákíá. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ní kó mú ẹni tó fẹ́ràn jù wá: Merit, ìyàwó rẹ̀. Ó mú un lọ. Owó dé, òkú Merit náà sì ń fara hàn án. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí òkú tó yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí Merit ti ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, tí àwa sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkọ.

Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, gbé ẹ̀rù lọ sórí ilẹ̀ tí a jogún. Olóyè Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Wándé ṣe, bá àwọn mìíràn lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ikú wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó jẹ nínú owó náà. Ẹ̀rín pọ̀ nínú fíìmù yìí, Bàbá Wándé kò sì jẹ́ kó tán. Ibi tí a bá ti ń rẹ́rìn-ín ni a ti ń gbàgbé láti ṣọ́ra, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù ti ń bá wa. Èyí ni iṣẹ́ ẹ̀rín nínú fíìmù adẹ́rùbani. Ní agbègbè wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, tí ìjà ilẹ̀ sì ń ya ọmọ ìyá, kò sí ẹni tí fíìmù yìí kò bá wí.

Àwọn tó wà lókè òkun náà ti rí ọ̀nà yìí. Jordan Peele ṣe Get Out ní 2017, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún ìtàn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan lọ kí àwọn òbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ aláwọ̀ funfun. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin náà jókòó, ó ń fi ṣíbí ro tíì nínú kọ́ọ̀bù, ìró ṣíbí lára kọ́ọ̀bù yẹn ni ó sì fi mú ọkàn ọmọ náà lọ. Kò sí ọ̀bẹ, ṣíbí tíì lásán ni. Orin tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, èdè Swahili ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn baba ńlá ló sì ń fi í kìlọ̀ fún ọmọ wọn, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Nínú His House, tí Remi Weekes ṣe ní 2020, tọkọtaya kan sá ogun kúrò ní South Sudan dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba fún wọn ní ilé, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Inú ògiri ilé náà ni ohun tí wọ́n sá fún ti ń sọ̀rọ̀. Sope Dirisu ni ọkọ, Wunmi Mosaku tí a bí ní Nàìjíríà ni ìyàwó. Ẹni tó bá ti rí ìbátan rẹ̀ tó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà àjò jíjìn mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ẹrù, tó ń bá èèyàn lọ.

Iyèméjì tí kò tán

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Araromire ni n ó mú, èyí tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine. Kúnlé Afọláyan ló darí rẹ̀ ní 2009. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Fẹ́mi àti Ṣọlá, rí ère kékeré kan nínú ojúbọ àtijọ́ tó ti di ahoro nígbà tí wọ́n ń sin ìjọba. Ère Araromire ni. Ọdún 7 ni ó ń fi fún ẹni tó bá ní in ní oríire, ọdún 7 tó tẹ̀lé e sì jẹ́ ti ìparun. Gbogbo rẹ̀ ṣẹ bẹ́ẹ̀: owó dé, ọmọ dé, lẹ́yìn náà àjálù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tó gbé fíìmù yìí ga ni pé ọ̀nà méjì ni ìtàn rẹ̀ ṣeé gbà, kò sì sí èyí tí kò bá ohun tí a rí mu. Ẹ lè ní òrìṣà ló ń gba tirẹ̀. Ẹ sì lè ní èèyàn ẹlẹ́ran ara kan, tí owú ti jẹ lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Afọláyan kò bá wa yàn. Nígbà tí fíìmù parí, àwọn tó jọ wò ó á máa jiyàn délé. Fíìmù tó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa ti jọ̀wọ́ wa. Èyí tó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ kò jẹ́ kí a lọ.

Ti ilẹ̀ wa

Benin kì í ṣe olùwòran lásán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe, Sous le signe du vaudou, tí Pascal Abikanlou ṣe ní 1974, ti gbé ọ̀ràn ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá sójú sinimá nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey.

Ní 2023, Mami Wata jáde. C.J. Obasi, ọmọ Nàìjíríà, ló darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n ti yà á. Ìtàn ìletò etí òkun kan ni, níbi tí ìyá kan ti jẹ́ ẹnu fún òrìṣà omi, tí ìgbàgbọ́ àwọn ará ìletò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn. Dúdú àti funfun nìkan ni àwọ̀ rẹ̀. Lílis Soares tó ya àwòrán rẹ̀, ọmọ Brazil, gba ẹ̀bùn pàtàkì fún iṣẹ́ yẹn ní àjọ̀dún Sundance. Ẹ wo bó ṣe lo ìmọ́lẹ̀ lára awọ ara èèyàn dúdú: ẹfun tí wọ́n fi kun ojú ń tàn, ara ń dán nínú òru, omi òkun dúdú kirikiri lẹ́yìn wọn. Fíìmù yìí kò kó àyà jẹ bíi Halloween. Ẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó dúró létí omi ní òru, tó mọ̀ pé omi náà ń wo òun. Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó rẹwà jù tí wọ́n yà lórí ilẹ̀ wa.

Ìdí tí a fi ń padà lọ bá ẹ̀rù

Nígbà tí ẹ̀rù bá bani, àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, ara á múra láti sá tàbí láti jà. Nínú ewu gidi, ìyà ni. Nínú yàrá fíìmù, ara ń ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ni a jókòó lé, àwọn ará ilé sì wà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ohun tó ń dẹ́rù bani bá kọjá, ara á tú, ìtura á gba ibi tí ìbẹ̀rù wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi máa ń bú nínú yàrá lẹ́yìn igbe. Ìdí nìyẹn náà tí fíìmù adẹ́rùbani fi dùn wò lọ́pọ̀ èèyàn ju kí a dá a wò lọ. Ọmọdé kékeré kò tíì ní òye pé eré ni, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Nínú fíìmù wa tó pọ̀ jù, àjẹ́ máa ń jẹ́ ìyá àgbà tí kò ní alátìlẹ́yìn, tàbí ìyàwó tí kò bímọ. Ẹni tó bá ń wo èyí lójoojúmọ́ lè jáde síta kó máa fi ojú yẹn wo ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ní àríwá Ghana, àwọn ibùdó wà tí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn sá lọ gbé. Ní Borgou tiwa níhìn-ín, wọ́n ti pa ọmọ ọwọ́ rí, wọ́n sì ti jù wọ́n nù, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ jáde nígbà ìbí tàbí pé eyín òkè ló kọ́kọ́ hù, tí wọ́n sì sọ pé oṣó ni wọ́n. Kò sí ọmọ tó yan bí òun yóò ṣe wá sáyé. Oníṣẹ́ fíìmù tó ń fi ọwọ́ kan irú ẹ̀rù yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìtàn òun lè kó bá ẹnì kan ní àdúgbò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Màgùn àti Araromire jù nìyí: ojú èèyàn, ìfura rẹ̀ àti owú rẹ̀ ni wọ́n nàka sí.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ kò bá tíì wo irú fíìmù yìí rí, ẹ kọ́kọ́ wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, nítorí ẹ̀rín inú rẹ̀ á mú yín dání. Ẹ wo Màgùn tẹ̀lé e, kí ẹ lè mọ bí ìdúró ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo Araromire ní alẹ́, pẹ̀lú èèyàn tí ẹ lè bá jiyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, Get Out, His House àti Mami Wata. Ayé! ni kí ẹ fi parí, nítorí ẹni tó bá ti wo àwọn yòókù ló máa mọ iye ohun tí Ògúndé ti mọ̀ ní 1979.

Sí àwọn ọ̀dọ́ Tchaourou, Tchatchou, Alafiarou àti Kìlìbò tó ń fi fóònù ya eré: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó ni yóò ṣe é. Halloween ná nǹkan bíi dọ́là 300,000, owó kékeré ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ju mílíọ̀nù 60 lọ. Ìparadà tí apànìyàn inú rẹ̀ wọ̀, ìṣọ̀ ni wọ́n ti rà á, kò tó dọ́là 2, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. C.J. Obasi tó ṣe Mami Wata ti kọ́kọ́ ṣe Ojuju ní 2014, nípa omi ìdọ̀tí tó ń sọ àwọn ará àdúgbò di abàmì ẹ̀dá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn fíìmù Nàìjíríà tó dára jù ní àjọ̀dún AFRIFF ọdún náà. Omi tí kò mọ́ ni, ẹ̀rù tí gbogbo àdúgbò tálákà mọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá ẹ̀rù kan tí gbogbo ará ìletò yín mọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé rẹ̀: ọ̀nà oko lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, kànga tí wọn kì í lọ ní òru, àbúrò bàbá tó dé láti ìrìn-àjò tí kò sọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Ẹ fi ṣe ìtàn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí owó díẹ̀ bá sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi ra ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ronú kan kámẹ́rà. Àwòrán tó ṣókùnkùn kò ní pa fíìmù yín lára. Ohùn tí kò já gaara ló ń pa á.